Pírínsípà Tí Wọn Kò Pe Orúkọ Rẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé Ògúnrẹ̀mí ti fẹ̀yìn tì fún ọdún mẹ́fà kó tó mọ̀ pé bí wọ́n bá bọ́ oyè Pírínsípà kúrò lára òun, kò ku nǹkan kan tí òun lè pè ní ara òun.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpòtì. Nígbà náà, bó bá ń bọ̀ lókèèrè, àwọn olùkọ́ á ti dìde. Ó mọ̀wé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àwa Èkìtì fẹ́ràn ìwé, a sì nídìí: owó kòkó ni ọ̀pọ̀ bàbá wa fi rán wa nílé ìwé, àwọn mìíràn tilẹ̀ ta ilẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Pírínsípà ti sọ ìwé di ọlọ́run, ipò tí ọmọ bá gbà nínú ìdánwò ló sì fi ń díwọ̀n èèyàn.

Lọ́jọ́ ìparí sáà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ka èsì lórí pápá, lójú àwọn òbí. Á pe ẹni kìíní, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀gá mìíràn a máa dúró sórí ẹni kẹta. Pírínsípà kì í dúró. Á kà á títí dé ìsàlẹ̀, á ní kí ẹni tó gbẹ̀yìn bọ́ síwájú, kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sì hó lé e lórí.

"Ìtìjú loògùn olódo," báyìí ló máa ń wí.

Kò dá ọmọ tirẹ̀ sí. Akíntúndé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, gbẹ̀yìn lọ́dún kan. Bàbá rẹ̀ ní kó bọ́ síwájú, ó sì dúró wò ó títí wọ́n fi hó tán. Ìyá ọmọ náà wà láàárín àwọn òbí, ó fi ìborùn bojú. Nígbà tí Akíntúndé jáde ìwé, Kàdúná ló gbà lọ, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe níbẹ̀. Kò tún fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀ mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, kò sì sùn mọ́jú.

Ìfẹ̀yìntì dé, Pírínsípà padà sí Arámọ̀kọ, ìlú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dìde fún un mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ náà pé àádọ́ta ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn tó sìn ín lọ́lá. Pírínsípà dá agbádá tuntun. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta. Ó jókòó láti aago mẹ́wàá. Wọ́n pe ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n pe èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n pe ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọ, wọ́n pe ọlọ́dẹ. Títí wọ́n fi gbàdúrà ìparí, wọn kò pe Ògúnrẹ̀mí.

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣètò ayẹyẹ náà lápá, ọkùnrin kan tó ti di dókítà. Ó ní, "Ṣé ẹ ò ti gbàgbé ẹnì kan?"

Dókítà náà wò ó lójú. "Rárá, Sà. A ò gbàgbé yín." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà wọ Pírínsípà lára bí ẹ̀gún. Nígbà tó délé, ó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dà sínú ṣáláńgá. Ó ní kí lòun tún ń gbé ayé ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ń rìn lọ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n nígbà tí òòyì kọ́ ọ. Ó ṣubú lé kòkó tí obìnrin kan sá sórí tapólì níwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!" obìnrin náà ké. "Ẹ bá mi gbé bàbá yìí re ọsibítù!"

Nígbà tó fi lajú ní ọsibítù, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Kò sí ará ilé tó wá. Obìnrin oníkòkó yẹn ló ń gbé ògì wá láràárọ̀, tó ń nu ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Pírínsípà bi í léèrè, "Ọmọ ta ni ọ́?"

"Yéjídé ni mí, Sà. Ìpòtì lẹ ti kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní kí n bọ́ síwájú."

Pírínsípà yíjú sí ògiri. "Kí ló wá dé tí o fi ń tọ́jú mi?"

Yéjídé kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní purọ́ fún yín, Sà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kórìíra yín. Bí ọkọ mi bá bá mi wí, ohùn yín ni mò ń gbọ́. Mo gbà pé ẹni ìkẹyìn ni mí, lọ́dọ̀ èèyàn àti lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Títí obìnrin kan fi jókòó tì mí nídìí kòkó, tó ní Ọlọ́run kò béèrè ipò tí mo gbà kó tó jẹ́ kí Ọmọ rẹ̀ kú fún mi. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Sà. Kò sẹ́ni tó tíì sọ irú ẹ̀ fún mi rí."

"Èmi wá ńkọ́?" ni Pírínsípà wí. "Mi ò já mọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ẹ má bínú, Sà. Ara yín lẹ̀ ń sunkún fún. Ẹ ò tíì sunkún ẹnì kankan tẹ́ ẹ ṣẹ̀. Ọlọ́run ò sọ pé ẹ ò já mọ́ nǹkan. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló pè yín. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ohun tí kò já mọ́ nǹkan, dídànù là ń dà á nù. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù wá kiri títí ó fi dórí igi àgbélébùú."

Ó bo ògì náà, ó sì lọ yí kòkó rẹ̀ kí òjò tó dé.

Pírínsípà dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Akíntúndé ló rí, lórí pápá, tó ń wo ilẹ̀. Ó rí ìborùn ìyàwó rẹ̀. Àánú ara rẹ̀ tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí sì di ìríra. "Jésù," ó wí, "mo fi ọmọ tí o fún mi ṣẹ̀sín. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi hàn ọ́. Bí o bá lè gba irú mi, gbà mí." Jésù sì gbà á. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́yìn ìgbà náà kò ní jiyàn.

Ó pe Kàdúná. Ìgbà kẹta ni Akíntúndé tó gbé e.

"Akíntúndé, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo dójú tì ọ́ lójú ìyá rẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn Akíntúndé.

"Mo gbọ́, Sà. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi." Ó pa fóònù.

Ẹyin lohùn. Ọlọ́run ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti di ọkùnrin ọdún méjìdínlógójì, ó ní ọmọ mẹ́ta tí bàbá àgbà wọn kò mọ orúkọ wọn. Lóde òní, Ògúnrẹ̀mí ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì lọ síwájú ilé Yéjídé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kò yé, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó mọ ohun tó wà láyé fún báyìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pe Kàdúná. Nígbà mìíràn wọ́n á gbé e.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ló sọ iye rẹ fún ọ? Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ ni, tàbí ọkọ, tàbí òbí tó bí ọ, wọn kọ́ ló dá ọ, wọn kò sì kú fún ọ. Jésù kú fún ọ. Bí ó bá sì jẹ́ oyè àti ìwé ẹ̀rí lo gbójú lé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn kò ní pè ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ ẹ̀ṣẹ̀ Ògúnrẹ̀mí nù níṣẹ́jú kan. Àwọn ọdún tó fi ṣòfò kò padà. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ nìyẹn pé kó o má fi dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́, kí o gba Olúwa gbọ́. Bí ẹnì kan bá sì wà tó o ti fi ẹnu rẹ pa lára, wá a lọ lónìí, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ṣí sí ọ.