Bàámi, Ẹ Má Wọlé

Ọ̀sán Sátidé tó kọjá ni mo lé bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn ẹ̀fọn sí pálọ̀ ni. Bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ láàárín igi ọsàn ẹ̀yìn ilé wa ní Fìdítì, mo kígbe láti ilé ìdáná pé, "Bàámi, ẹ má wọlé o."

Ìró ẹsẹ̀ náà dúró. Nígbà tí mo jáde, bàbá mi ti kúnlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, omi ń dà lójú rẹ̀. Bàbá tí n kò rí kó sunkún rí, kódà níbi ìsìnkú. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

"Àlàkẹ́," ó rọra sọ ọ́, "tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó mi orí títí, ó wá ń ròyìn.

Mo ti mọ̀ pé àwọn ṣọ́jà wá a nígbà ìjọba ológun, nítorí ó ń kó àwọn tíṣà jọ láti ní kí ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Bó ṣe bọ́ ni n kò mọ̀. Ó ní irú ọ̀sán báyìí ni, òun ń bọ̀ wálé lábẹ́ igi ọsàn wọ̀nyí, ni ohùn obìnrin kan bá pè é látinú ilé: Bàámi, ẹ má wọlé o.

Kò tíì gbéyàwó nígbà náà, ká má tíì sọ ti ọmọ. Láti kékeré sì ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa níbí pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kó tó rántí: "Mo gbọ́, ọmọ mi." Ó bá yí padà, ó gba inú oko lọ sí Akinmọ̀ọ́rìn. Àwọn ṣọ́jà wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń dúró dè é. Ṣùkúrù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rí mú lọ, títí dòní a kò rí òkú rẹ̀ sin.

"Áńgẹ́lì ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí," bàbá mi wí. "N ò mọ̀ pé ọmọ mi ni."

Mo dì mọ́ ọn, mo dúpẹ́ títí ohùn mi fi há. Ká ní ó wọlé lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá bí mi?

Ohun kan ṣì wà tí n kò tíì sọ fún un. Nígbà tí mo kígbe lọ́sàn-án Sátidé yẹn, òun kọ́ ló dá mi lóhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dáhùn láàárín igi ọsàn pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi." Mo ṣebí ọmọ aládùúgbò kan ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èébú ni mo fi lé e lọ.