Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Ló Kù fún Rangel

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ṣọ́ra. Bí ohun kékeré kan bá ń dùn ọ́ lára, má fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n má rò pé ohun kékeré náà ni yóò pa ọ́. Ohun tí o sá lọ bá nítorí rẹ̀, ìyẹn ni kí o bẹ̀rù. Mo bẹ̀ ọ́, kà á dé ìparí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa lẹ́bàá odò Tundzha, Rangel ni orúkọ rẹ̀. Ògiri ló máa ń rẹ́. Ó ga, ó sì sígbọnlẹ̀. Bó bá wọ ilé ọtí, àwọn ènìyàn a sún fún un. Ní yàrá kan lábẹ́ ilé alájà tó ń gbé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé irin níbẹ̀ kí ara wọn lè le, irin tí wọ́n tú lára katakata àtijọ́.

Rangel kì í lọ sí ilé Ọlọ́run. Ó ń mutí, ó sì ń bú Zlatka ìyàwó rẹ̀ lójú àlejò. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, ní oṣù Kìíní, lọ́jọ́ tí a ń rántí ìrìbọmi Olúwa, bí àlùfáà bá ti ju àgbélébùú onígi sínú odò, tí àwọn ọkùnrin sì bẹ́ tẹ̀lé e, Rangel ló máa ń mú un. Ẹni tó bá mú un, wọ́n ní àìsàn kò ní kàn án títí ọdún yóò fi yípo. Á máa gbé e kiri ojúlé, àwọn ìyá àgbà á máa fi ẹnu kò ó. Rangel gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Kò gba Ẹni tó kú lórí àgbélébùú gbọ́. Igi ló gbà gbọ́.

Ní oṣù Kejìlá, géńdé kan tó ń ta táyà, Yavor, fi í ṣẹ̀sín nínú yàrá irin.

"Bàbá, ẹ rọra o! Irin yẹn wúwo ju ìyàwó yín lọ."

"Ta ni bàbá ẹ?" ni Rangel dáhùn. "Fi kún un. Mo ní kí o fi kún un!"

Wọ́n fi kún un. Ó dùbúlẹ̀ lórí àga gbọọrọ, ó ti ọ̀pá irin náà sókè. Kò tíì dé òkè tí nǹkan kan fi ta pẹ́ ní èjìká òsì rẹ̀. Metodi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló sáré gba irin náà kí ó tó já lé e láyà.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò kò tilẹ̀ dààmú. "Iṣan ló fà díẹ̀," ló wí. "Fi irin sílẹ̀ ná. Má gbé apá yẹn ga ju èjìká lọ. Bó bá ti rọ̀, máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri, díẹ̀díẹ̀, kí èjìká lè nà. Yóò san."

"Àyà mi ńkọ́?"

"Àyà rẹ le koko. A ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Rangel kò gbà á gbọ́. Ìdí rẹ̀ rèé. Èjìká òsì ló kọ́kọ́ dun bàbá rẹ̀. Bàbá ní kò tó nǹkan. Ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó mú ṣíbí, àyà rẹ̀ dákẹ́, ó sì kú kí ọbẹ̀ ẹ̀wà tó tutù. Rangel wà níbẹ̀. Ó rí ojú bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti wọ inú egungun rẹ̀. Zlatka fi ewé kábéèjì tí ó rẹ sínú ọtí rákíà wé èjìká náà fún un. Rangel ń gbọ́ bí àyà òun fúnra rẹ̀ ṣe ń lù. Bó bá ń rẹ́ ògiri, á dúró, á fi ọwọ́ kan àyà. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin bíi tirẹ̀! Èrò kan ṣoṣo ló ń bá a sùn, tó ń bá a jí: "Bí mo bá mú àgbélébùú lọ́dún yìí, n kò ní kú. Bí ẹlòmíràn bá mú un, mo ti lọ nìyẹn."

Wò ó. Dókítà ní kó má gbé apá. Òun fẹ́ fi apá náà lúwẹ̀ẹ́ nínú odò oníyìnyín, kí ó má bàa kú.

Metodi ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi nínú ìjọ kékeré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Lọ́jọ́ kan ó bá Rangel níbi tó ti ń jìjàkadì pẹ̀lú apá kóòtù rẹ̀.

"Wá, jẹ́ n bá ọ fà á."

"Yéè! Rọra, ìwọ ẹran yìí!"

"O ò ní gbé apá yìí wọ odò, àbí?"

"Kí ló kàn ọ́?"

"Rangel, ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo rí i lójú rẹ."

Rangel bojú wẹ̀yìn. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń jalè: "Mi ò fẹ́ kú bíi bàbá mi."

"Bí o bá kú lónìí, níbo lò ń lọ?"

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹnu ẹ̀yin ará ẹ̀yìn ibùdókọ̀ yìí kì í rẹ̀ yín. Lọ wàásù fún àwọn adìẹ rẹ!"

"Àwọn adìẹ mi ti gbọ́. Ìwọ ló kù," ni Metodi wí. "Igi kò lè gbà ọ́, ọ̀rẹ́ mi. Jésù tó kú lórí igi, tó sì jí dìde, òun ló lè gbà ọ́."

Rangel já kóòtù rẹ̀ gbà, ó jáde.

Ọjọ́ àgbélébùú náà pé. Yìnyín dì létí odò bíi gíláàsì. Fèrè ń dún, ọtí ń lọ, Rangel sì mu ju gbogbo wọn lọ kí èjìká lè dákẹ́. Àlùfáà gbàdúrà, ó ju àgbélébùú sódò, àwọn ọkùnrin sì bẹ́ tẹ̀lé e.

Omi náà gbá Rangel láyà bí òkúta. Èémí rẹ̀ sé. Ó na apá òsì, èjìká há, apá náà wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Odò wọ́ ọ kúrò láàárín àwọn yòókù, lọ sí ibi jíjìn. Ó rì. Ó yọ. Ó tún rì. Bó ṣe tún yọ, ohun kan gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Àgbélébùú ni! Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú.

Ó ti mú un. Ó sì ń rì.

Metodi, tó ti ń sáré tẹ̀lé e létí odò, bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Omi mù ún dé àyà, ó di ẹ̀ka igi kan mú, ó na ọwọ́ kejì. "Jù ú nù! Rangel, jù ú nù, mú ọwọ́ mi!"

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún Rangel tó lè di nǹkan mú. Bó bá di àgbélébùú mú, kò lè di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Bó bá sì jù ú nù, ikú tó ti ń sá fún yóò bá a, bẹ́ẹ̀ ló rò ó. Ó rí ojú bàbá rẹ̀ nínú omi náà. Ẹ̀rù méjì ń fà á ya.

Ó ṣí ọwọ́.

Yavor ló mú àgbélébùú lọ́dún náà.

Nínú ilé ìdáná Metodi, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé Rangel, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Zlatka ń sunkún, ó sì ń bú u: "Òmùgọ̀! Bí o bá kú, ta ni kí n máa bá jà?"

"Mo dì í mú," ni Rangel ń wí ṣáá. "Metodi, mo dì í mú, mo sì ń rì. Bí mo bá tún rì ńkọ́?"

"O máa kú lọ́jọ́ kan. Èmi náà á kú. Ṣùgbọ́n Jésù wí pé ẹni tó bá wà lọ́wọ́ òun, kò sí ẹni tó lè já a gbà. Èjìká kọ́ ni kí o bẹ̀rù. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ni. Jésù ti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ké pè é."

Ọkùnrin ńlá náà kúnlẹ̀ tòun ti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò mọ àdúrà kankan. "Olúwa, mo ń rì. Mo ti bú ọ, mo ti bú ìyàwó mi. Dárí jì mí. Gbà mí." Ìyẹn nìkan. Ó yíjú sí Zlatka, ó ní kó forí ji òun. Zlatka gbé tíì gbígbóná lé e lọ́wọ́.

Èjìká náà san, bí dókítà ṣe wí. Ó ṣì ń gbé irin, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba. N kò ní parọ́ fún ọ pé ẹ̀rù kì í bà á mọ́. Nígbà mìíràn apá náà a ta á, ojú rẹ̀ a sì yí padà. Ṣùgbọ́n ó mọ Ẹni tí ó ń pè.

Ìwọ ńkọ́? Kí lo dì mú? Ṣé òògùn tí o so mọ́ ìdí ni? Àbí agbára géńdé? Àbí orúkọ ìjọ tí wọ́n ti rì ọ́ bọmi, tí o kò sì yípadà? O dì í mú, o sì ń rì. Omi ti dé ọrùn, o ṣì ń bá ènìyàn rẹ́rìn-ín. Jésù na ọwọ́ sí ọ. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Ké pè é lónìí, níbi tí o jókòó sí yẹn.

O ní, "Ṣé n kò lè ṣe é lọ́la?"

Ohun tí mo mọ̀ ni mo ti sọ. Nípa ọ̀la, má bi mí. N kò ní dá ọ lóhùn.