Ẹni Tó Ń Bá Marnie Dirun

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀, ní ìgbèríko Kansas, ojú Verlene ló sì ṣe.

Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni òun àti Marnie láti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún hàn lára Marnie, tí ọmọkùnrin tó fún un lóyún sá lọ, tí àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú, ẹ̀rù ba Verlene. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ṣáà ni. Kò yà sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́. Títí wọ́n fi kórè àlìkámà tán ló fi ń sá fún un.

Ọjọ́ ìsinmi kan, Marnie dì mọ́ ọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọlọ́run ló máa bá mi san án fún ẹ. Bí kì í bá ṣe ìwọ tó ń wá lálaalẹ́, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ti fara mi ṣe."

"Èmi kẹ̀? Mi ò wá o."

Marnie bú sẹ́rìn-ín. "Àwàdà ẹ ti pọ̀ jù. Wo irun mi. Ta ló bá mi dì í?"

Verlene ò mọ irun dì. Kò mọ̀ ọ́n dì rí.

Àbí orí òun ló ń dàrú ni? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gba àárín oko kọjá lọ sọ́nà ilé Marnie. Atẹ́gùn ò fẹ́. Àwọn màlúù dúró gbagidi, wọn ò jẹko. Ó gbọ́ ẹ̀rín nínú abà bàbá Marnie. Ẹ̀rín Marnie ni. Ó gbọ́ ẹ̀rín kejì.

Ẹ̀rín òun Verlene fúnra rẹ̀ ni.

Ó yọjú láàárín pákó. Marnie gbórí lé itan ẹnì kan lórí koríko gbígbẹ. Onítọ̀hún kẹ̀yìn sí Verlene. Aṣọ tó wà lára Verlene gan-an ló wọ̀. Ìka rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, nínú irun Marnie.

"Ọ̀la la máa lọ. Níbi tá à ń lọ, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá."

"Ṣé o ò ní fi mí sílẹ̀?" ni Marnie bi í.

"Ìgbà wo ni mo fi ẹ́ sílẹ̀ rí?"

"Marnie!" Verlene kígbe.

Marnie gbórí sókè. "Ṣó o gbọ́ nǹkan?"

"Rárá," ni ohùn Verlene dáhùn nínú abà.

Verlene sá. Kò mọ ọ̀nà tó gbà délé.

Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Marnie ti lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé e ní ọmọbìnrin méjì lòun gbé. Verlene ní òun rèé, òun ò lọ síbì kankan. Awakọ̀ wò ó títí, ó sì ṣáná sí ọkọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, fóònù dún nílé ìdáná. Verlene gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá Verlene," ni Marnie wí. "Mo ti bímọ o. Obìnrin ni. Àlàáfíà la wà."

"Marnie, èmi ni! Verlene ni!"

"Ẹ̀n? Mi ò gbọ́ yín dáadáa, mà. Ẹ dúró, ọmọ yín fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ìyá Verlene, tó wà nídìí ààrò, ti nawọ́. Ó gba fóònù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó nujú. "Ó dáa, ọmọ mi. Máa jẹun dáadáa o."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó wá yíjú sí Verlene, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò tó yà kí wọn.

"Verlene ní kí n kí ẹ."