Èso Àlùkò Tí Baba Eléso Ń Tà

“Ta ló ní kẹ́ ẹ da oògùn nù? Mo ní ta ni?” Ohùn Nọ́ọ̀sì ti gba gbogbo wọ́ọ̀dù. Ó nàka sí ẹsẹ̀ òsì Màmá, níbi tí egbò ti jẹ wọ àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì kọjú sí Aránṣọ, ọmọbìnrin tó gbé ìyá rẹ̀ wá. “Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó kàn dá oògùn dúró bí ẹni dá aṣọ padà fún télọ̀.”

“Má pariwo mọ́ ọmọ mi,” Màmá dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Èmi ni mo dà á nù. Èso ni mò ń lò.” Ó sì yọ ahọ́n síta kí Nọ́ọ̀sì lè rí i. Ahọ́n náà ti di aláwọ̀ àlùkò láti orí dé ìdí. Lójú Màmá, ẹ̀rí nìyẹn pé èso ti ń wọ ara.

Baba Eléso ni wọ́n ń pe ẹni tó ta èso yìí fún un. Ó ń wọ ẹ̀wù funfun bíi ti dókítà, ó ń so ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà mọ́ ọrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi gbọ́ àyà ẹnikẹ́ni rí. Ìyẹ̀fun àlùkò kan ló ń rọ sínú agolo. Ó ní èso tó ń hù nínú igbó olóoru ni òun sá gbẹ, tí òun lọ̀; pé fítámì inú rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn onímọ̀ kò tíì rí orúkọ sọ àwọn mìíràn. Ó ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń la ojú, ó ń na orúnkún tó ti tẹ̀, ó sì ń lé àtọ̀gbẹ jáde bí ẹni lé ewúrẹ́. Bí ó bá ku ohun tí èso náà kò lè ṣe, bóyá kó fọ abọ́ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ló máa ń kó àwọn aláìsàn jọ sí gbọ̀ngàn kan tó háyà. Bí wọ́n bá ṣe ń wọlé, wọn á kọ́kọ́ da oògùn ilé ìwòsàn wọn sínú ọpọ́n ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà. Baba Eléso ní oògùn àti èso kì í bára wọn ṣe, òun yóò bá wọn rì í mọ́lẹ̀. Wọn á wá bu ìyẹ̀fun sábẹ́ ahọ́n, wọn á tò, wọn á sì yọ ahọ́n fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbàlagbà tó ti kọ́lé, tó ti fọmọ fọ́kọ, ló ń yọ ahọ́n sí oníjìbìtì yìí bí aláǹgbá tí òùngbẹ ń gbẹ. Wọn á tún máa dúpẹ́.

Nígbà tí inú Nọ́ọ̀sì rọ̀ díẹ̀, ó jókòó ti Màmá. Ó ní èso gidi dára, pàápàá èyí tó pọ́n dúdú bẹ́ẹ̀: ó ní fítámì, ó ń jẹ́ kí ikùn ṣiṣẹ́, ó ń ran ara lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ni, kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Dókítà sì ti sọ ọ́ láìfi bò: bí ṣúgà ara Màmá kò bá wálẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó pa ẹnu dé bí ìgbà tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn. Kò gba hóró oògùn, kò gba abẹ́rẹ́. “Àfi bí Baba Eléso bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.”

Ni Aránṣọ bá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Obìnrin kan ni sájẹ́ńtì tí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, sùúrù rẹ̀ sì kúrú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, àwọn méjèèjì forí lé gbọ̀ngàn náà.

Baba Eléso rí fìlà ọlọ́pàá láti orí pèpéle. Ẹ̀rù kò hàn lójú rẹ̀ rárá. Ó ní kí gbogbo ènìyàn dijú, kí wọ́n mí sínú, kí èso lè rọ́nà dé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá tètè lajú, ti onítọ̀hún ti bàjẹ́. Gbogbo wọn dijú pinpin. Ó fo fèrèsé ẹ̀yìn jáde. Sájẹ́ńtì ń pariwo kí wọ́n dì í mú, àwọn kan sì ń pòṣé sí i pé ó fẹ́ ba èso àwọn jẹ́. Wọ́n ṣì ń dijú nígbà tí agbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ dé.

Onígbọ̀ngàn ló júwe ilé tí ọkùnrin náà háyà. Ní ìdí àtẹ̀gùn, wọ́n pàdé akunlé kan, ọ̀dà kún ojú rẹ̀, korobá wà lórí rẹ̀, ó ń fimú sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ lè tètè gòkè, ó wà níbẹ̀, ó ń sùn.”

Sájẹ́ńtì dúpẹ́, ó yà fún un kó lè kọjá. Ìgbà tí wọ́n dé òkè tí wọn ò rí ògiri kan tí wọ́n ń kùn ni Aránṣọ tó yọjú lójú fèrèsé. Korobá náà ti wà nílẹ̀ láàárín títì, kò sẹ́ni tó rù ú mọ́. Sájẹ́ńtì bú ara rẹ̀: Baba Eléso gan-an ni akunlé yẹn.

Nínú yàrá náà ni wọ́n ti rí àpò ṣúgà, àpò ìyẹ̀fun àgbàdo, àti agolo àwọ̀ àlùkò táwọn alásè ń fi sínú àkàrà òyìnbó. Aránṣọ tún fa báàgì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páálí oògùn àtọ̀gbẹ ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ṣófo. Ọ̀kan wà tí ilé oògùn kọ orúkọ Màmá sí lára.

“Kò rì wọ́n mọ́lẹ̀,” Aránṣọ sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

“Ó gbé wọn mì ni, àbúrò. Àtọ̀gbẹ ń ṣe òun náà.” Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó ṣàlàyé pé ọpọ́n ẹnu ọ̀nà yẹn ni ilé oògùn ọkùnrin náà. Ní báyìí tí ọpọ́n ti dàwátì, dandan ni kó wá tò bíi ti gbogbo ènìyàn. Ilé ìwòsàn tí Màmá wà nìkan ló sì ń fún ènìyàn ní irú oògùn yẹn nílùú.

Aránṣọ sáré lọ ròyìn fún Màmá. Màmá ní àwọn ọ̀tá ló kó ṣúgà síbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn alátọ̀gbẹ máa ń wá gboògùn dé. Àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, kálukú fi òwú di ìka tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀. Aránṣọ wà láàárín wọn, ó ń wo ojú; Sájẹ́ńtì sì ba sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó fi ìbòmú bo ẹnu dé fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, kò sì sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ojú wíńdò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kó dúró díẹ̀.

“Dúró kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí ṣúgà pa mí ni?”

Ohùn orí pèpéle nìyẹn. Aránṣọ dìde. Ọkùnrin náà rí i, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbà á lẹ́sẹ̀, ó na gbalaja, Sájẹ́ńtì sì jókòó lé e lẹ́yìn títí ó fi rí ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ yọ.

Wọn kò kọ́kọ́ mú un lọ sí àgọ́. Wọ́ọ̀dù ni Sájẹ́ńtì fi bẹ́líìtì wọ́ ọ lọ, ó gbé e dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì Màmá.

“O mọ̀ wọ́n?”

“Oníbàárà mi ni.”

“Kí ló ń ṣe wọ́n?”

“Àtọ̀gbẹ.”

“Ìwọ ńkọ́, kí ló ń ṣe ọ́?”

Ó yíjú sí ògiri.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” Màmá ní. “Baba, ẹ sọ fún wọn.”

Sájẹ́ńtì ṣí agolo tó wà lórí àpótí Màmá, ó bu ìyẹ̀fun dáadáa sínú ife omi, ó rò ó, ó sì gbé e sí ọkùnrin náà lẹ́nu. “Oògùn rẹ ni. Mu ún.”

Baba Eléso fa orí sẹ́yìn. “Mi ò lè mu ún.”

“Kí ló dé?” Màmá fúnra rẹ̀ ló béèrè.

Ó wo ife, ó wo Sájẹ́ńtì, ó wolẹ̀. “Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Màmá. Á ṣe mí ní jàǹbá.”

Màmá na àtẹ́lẹwọ́ sí Nọ́ọ̀sì láìwo ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kó hóró oògùn lé e, ó gbé omi fún un, ó sì rọra sọ pé bí wọ́n bá tẹ̀ lé èyí àti abẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ náà má lọ mọ́. Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún gbà á. Màmá gbé oògùn mì, ó nu ẹnu, ó sì pe Baba Eléso sún mọ́ ọn. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó ń retí ìdáríjì.

“Èso náà gan-an ńkọ́?” Màmá bi í. “Èyí tó ń hù nínú igbó olóoru.”

“Mi ò fojú kàn án rí láyé mi, mà.”

Màmá fọ́ ọ létí.