Ìgò Kẹrin

“Àpò mi dà?”

Bàbá Àgbà ló béèrè bẹ́ẹ̀. Màmá ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, kò gbọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àlọ́ nítorí ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀, gbọ́ dáadáa. Àmọ́ ńṣe ló tẹjú mọ́ okùn bàtà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ṣèdánwò lórí rẹ̀.

Lánàá ni bàbá gbé àpò aṣọ kan lé e lọ́wọ́. Dókítà ti pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá. Ìgò méje tó ṣẹ́kù ló wà nínú àpò náà. Atúnagogoṣe ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Bó ṣe máa ń kọ nọ́ńbà sára gbogbo ohun tó bá tú nínú aago, bẹ́ẹ̀ náà ló kọ ọ́ sára àwọn ìgò náà, láti oókan dé eéje. Ó ní kí ọmọ kó wọn lọ sílé apòògùn, kó jù wọ́n sínú àpótí onírin tó ní àgádágodo níbẹ̀, kó sì mú àpò bọ̀.

Ọ̀nà jìn, bọ́ọ̀lù sì ń lọ lọ́wọ́ ní pápá. “Sọ ọ́ síbí, jàre!” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó bá pàdé lọ́nà wí. “Ṣé oògùn tí wọn ò lò mọ́ náà lò ń gbé kiri bí ẹyin?” Ni Ìyá Àlọ́ bá sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ títì.

“Ìwọ ni mò ń bá wí o,” ni Bàbá Àgbà tún wí. “Ṣé apòògùn ti gbà á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú bàbá, ó gbé e mì. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Garawa ìdọ̀tí ni mo jù ú sí.”

Bàbá ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. “Oògùn yẹn pupa, ó ń dán bíi súìtì. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ọmọ mi, àmọ́ eérú tìrẹ yìí, ojú ẹlòmíràn ló ń lọ.”

“Mò ń lọ wá a,” ni Ìyá Àlọ́ wí, ó sì ti dìde. “N ò ní wálé láìrí i.”

Garawa ti ṣófo. Ó béèrè lọ́wọ́ alágbàfọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ afọkọ̀, títí ó fi bá akólẹ̀ tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò níbi tó ti ń ṣa ike sọ́tọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi rí àpò aṣọ kan?”

“Ṣé èyí?” Ọkùnrin náà fà á yọ. “Ìyàwó mi ló rí i láàárọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ yìí, irú àpò yìí lẹ ń sọ nù!”

Ìyá Àlọ́ kúnlẹ̀, ó ka àwọn ìgò inú rẹ̀. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta, aárùn-ún…

“Ó ku ọ̀kan!”

“O rí mẹ́fà nínú méje, o ń sunkún? Máa lọ sílé, àbúrò.”

“Bọ̀ọ̀dá, n ò lọ. Ó lè ti wà lọ́wọ́ ọmọ kan báyìí.” Ó ṣàlàyé irú oògùn tó jẹ́. Ẹ̀rín kú lójú akólẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀. Wọ́n tú àpò ìdọ̀tí kan tẹ̀lé òmíràn. Ìyá Àlọ́ ki ọwọ́ bọ ohun tí kò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ìgò.

Ìgbà náà ni ìyàwó akólẹ̀ ti ọmọlanke yọ ní kọ̀rọ̀, tòun ti ariwo: ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.

“Agogo ọmọlanke wa ló sọnù,” ni ó ń wí tẹ̀ríntẹ̀rín, “ni mo bá wá nǹkan mìíràn so mọ́ ọn. Láti àárọ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń gbé ìdọ̀tí wọn jáde!”

Àwọn ọmọdé mẹ́ta ló ń sáré tẹ̀ lé e. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ó ń nawọ́ sí ohun pupa tó ń dán lára ọmọlanke.

Ìyá Àlọ́ fò sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ ṣáájú ti ọmọ náà.

Ó wá yé e ketekete: ohun tá a bá sọ nù kì í parẹ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àpótí apòògùn fi ní àgádágodo. Ó yí ìgò náà padà. Nọ́ńbà tí Bàbá Àgbà kọ hàn gbangba lára rẹ̀: ẹẹ́rin.