Ìbíjọkẹ́ Gba Inú Omi Wá

Òjò tó so Yàkúbù pọ̀ mọ́ Ìbíjọkẹ́, ẹ má bi mí bó ṣe rọ̀. Ẹja ń gun òpó iná n'Ìkòsì. Díẹ̀ ló kù kí omi gbé gbogbo Mile 12 lọ sí Kútọnu.

Yàkúbù, ọba àwọn oní-Márúwá, tó máa ń kó àlùbọ́sà láti Mile 12 lọ sí Kétu, ló rí ọmọge kan tó di òpó ṣọ́ọ̀bù mú bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ wọ́ lọ. Omi ò sì tíì dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀.

"Aunty, omi yìí ò tó ewúrẹ́ mu o!"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà bá mi dúró."

Ohùn ọmọ náà ń gbọ̀n. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Yàkúbù. Ó dúró tì í títí òjò fi dá, tí àlùbọ́sà oníbàárà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hewé lẹ́yìn Márúwá.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Kò pẹ́ tó fi di "Yàkúbù mi", tóun náà di "Adúmáadán mi". Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni Ìbíjọkẹ́ ń rán n'Ìkòsì, ẹwà ẹ̀ sì lè mú kí tírélà gbàgbé ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ kan ló sọ àṣírí ẹ̀ fún un. Nígbà tó wà lọ́mọdé, Ajégúnlẹ̀ létí odò ni wọ́n ń gbé. Omíyalé já àbúrò ẹ̀ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Látìgbà náà, tójú ọjọ́ bá ti ṣú, àyà ẹ̀ á há, kò ní lè mí, sísọ́ọ̀sì á já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Wọ́n ti gbààwẹ̀ lé e, mo ti mu àgbo," ó ní. "Gbogbo wọn ló ní àwọn á lé e lọ, kò lọ. Mo wá gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tẹ́rápíìsì kan wà, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn. ACT ni wọ́n ń pe tiwọn. Wọn kì í lé ìbẹ̀rù. Wọ́n á kọ́ ẹ bí wàá ṣe gbà á láyè, tí wàá sì máa ṣe ohun tó jẹ ẹ́ lógún lọ. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́. Àmọ́ jẹ́ kó wà láàárín àwa méjèèjì o."

"Ìyẹn nìkan? Èmi Yàkúbù tí mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù! Bó bá wà nísàlẹ̀ agbọ̀n tòmátò, màá yọ ọ́ jáde fún ẹ."

Ní Mile 12, ẹnu ni wọ́n fi ń wá nǹkan. Yàkúbù bi alábàárù, ó bi oníbàárà, ó bi dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ láti Kánò. Mo rò pé ó bi màlúù pàápàá.

"Ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ ni, ọmọ Ìkòsì tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù! Ẹ bá mi wá dókítà ọkàn tí kì í lé ìbẹ̀rù!"

Ẹnì kan júwe wòlíì tó ń fi pàṣán wo aláìsàn. Òmíràn júwe oògùn kan tó jẹ́ pé bí erin bá lò ó, á sùn dọ́dún tó ń bọ̀. Ó rí tẹ́rápíìsì gidi kan ní Kétu, àmọ́ ìyẹn ní kó tó pẹ́, ìbẹ̀rù á ti pòórá pátápátá.

"Ẹ ṣé, sà. Lílé lẹ̀ ń lé. A ò wá lílé."

Ìyá kan tó ń ra àlùbọ́sà ló wá júwe Mísíìsì Adédiwúrà, nínú ẹ́sítéètì kan n'Ìkòsì. Yàkúbù mú Ìbíjọkẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti bi wọ́n.

"Mummy, ṣé ẹ máa ń lé ìbẹ̀rù ni, àbí ẹ máa ń fún un lága?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àga là ń fún un. ACT ni mò ń ṣe. Ẹ wọlé."

Wọ́n wá bi Ìbíjọkẹ́ pé, "Kí ló jẹ yín lógún jù, tí ìbẹ̀rù ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe?"

Ó wojú Yàkúbù. "Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, mà. Mo fẹ́ lè lọ kí màmá ẹ̀ nílé wọn l'Ajégúnlẹ̀, kódà kójò máa rọ̀."

Yàkúbù wú débi tí àga ń ké lábẹ́ ẹ̀.

Ìbíjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ wọn. Gbígbọ̀n ò tán o. Àmọ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn náà ni Ìbíjọkẹ́ fi ń gé aṣọ. Á ti ẹsẹ̀ bọ bàsíà omi, á ní, "Àyà mi ń já," kò sì ní yọ ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìdílé. Kí wọ́n tó lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Ìyá Yàkúbù ní kí àbúrò àwọn, Uncle Sàká, lọ ṣe ìwádìí bóyá àrùn burúkú wà nílé ọmọ náà. Sàká ò dé Ìkòsì rárá. Mile 12 ló ti parí iṣẹ́.

"Orí ọmọ yẹn ò pé," ó jíṣẹ́. "Dókítà orí ni wọ́n ń wá fún un kiri."

Yàkúbù fò dìde. "Uncle, ta ló parọ́ yẹn fún yín?"

"Ìwọ ni! Gbogbo ọjà ló ní ìwọ lò ń pariwo ẹ̀. Alábàárù kan tiẹ̀ bi mí bóyá ẹ ti rí dókítà ọ̀hún."

Ìyá ẹ̀ káwọ́ lérí. "Wèrè ò wọ ìdílé wa rí. Tó o bá fẹ́ ẹ, má pè mí ní ìyá mọ́."

Ẹnu tó ń bá dẹ́rẹ́bà tírélà mẹ́wàá jà pọ̀ wá di bí ẹnu ìgbín. Yàkúbù ò lọ sí Ìkòsì mọ́. Tí Ìbíjọkẹ́ bá pè é, á ní ẹ́ńjìnnì Márúwá ti kú. Ẹnu ọjà ni ọmọ náà ti wá gbọ́ pé wọ́n ní wèrè lòun.

Òjò ńlá kan wá rọ̀. Omi dé orúnkún l'Ajégúnlẹ̀, Ìyá Yàkúbù káṣọ jọ sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ wọn jókòó tì wọ́n. Ni Ìbíjọkẹ́ bá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kúnlẹ̀ sínú omi.

"Ẹ kú ilé, mà. Èmi ni Ìbíjọkẹ́. Mi ò ya wèrè. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ó ń bà mí bí mo ṣe kúnlẹ̀ yìí. Mo gbé e dání wá ni, torí mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín."

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. Wọ́n kọjú sọ́mọ wọn. "Àlejò ẹ nìyẹn. Dá a lóhùn."

Yàkúbù ń wo omi. "Ìbí... máa lọ sílé. Tójò bá dá, a máa sọ̀rọ̀."

"Inú òjò ni mo ti wá. Yàkúbù mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìyá ẹ̀ wúkọ́. Ìfẹ́ ń jó Yàkúbù lọ́kàn, ìtìjú ń jó o lójú, ló bá ń tún aṣọ ìyá ẹ̀ tò lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́," Ìbíjọkẹ́ sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí aláìsàn. "Mo mọ̀ ọ́n. Ó dàbọ̀, olólùfẹ́ mi."

Yàkúbù bẹ́ sínú omi. "Jẹ́ kí n pọ̀n ẹ́ dé títì."

"Rárá. Dúró ti màmá ẹ."

Ó di ògiri mú, ó dúró mí, ó tún gbé ẹsẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, alábàárù kan bi Yàkúbù ní Mile 12, "Ọ̀gá, ìyàwó wa ńkọ́?"

"Èmi? Mo ti já a jù sílẹ̀! Ó di ẹsẹ̀ mi mú, omijé ẹ̀ fẹ́ gbé Márúwá lọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi ń bọ́ lórí wọn. Yàkúbù tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń pariwo pé àlùbọ́sà ẹ̀ wà nílẹ̀ o, ó wa Márúwá òfìfo lọ.