Ẹgbẹ́ Àwọn Tí Kò Fẹ́ Ẹgbẹ́

Bí òjò ọ̀sán bá ti ń rọ̀ sórí páànù ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Alálàá a jókòó sórí àwọn pákó tí wọ́n tò sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ki okùn fóònù bọ etí, a sì gba ibẹ̀ lọ sí ìlú kan tí kò sí nínú máàpù. Ní ìlú náà, kò sẹ́ni tí ń pàṣẹ fún ẹnì kejì. Ilẹ̀kùn kò ní kọ́kọ́rọ́, kálukú ń ṣe tirẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù, wọ́n sì ń kí ara wọn láti ojú fèrèsé. Lẹ́búlẹ́bú pákó a máa fò lọ fò bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, lójú Alálàá, àwọn ará ìlú náà nìyẹn.

"Ìṣó ni mo ní kó o gbé wá, mi ò ní kó o lọ sùn!"

Bàbá rẹ̀ ló máa ń pè é padà sáyé báyẹn.

Ohùn obìnrin kan ló ń gbé e lọ. Obìnrin náà ní ètò kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì tutù létí. "Ìwọ lo ni ara rẹ," ló máa ń wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, tìrẹ ni. Ẹni tí kò jalè, tí kò lu ẹnikẹ́ni, kí ìjọba fi í sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú." Alálàá a gbọ́ ọ, a tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sì ṣàì nídìí. Bàbá rẹ̀ àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀, jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí tẹ́lẹ̀ ni, lórí tábìlì kan náà, pẹ̀lú ayùn kan náà. Ìdìbò tó kọjá ló da omi sí i. Bàbá ń ṣe Ẹgbẹ́ Aago, ẹgbẹ́ tí kò dé lásìkò rí. Bàbá Kékeré ń ṣe Ẹgbẹ́ Àkàbà, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gòkè tán, wọ́n á fa àkàbà tẹ̀lé ara wọn. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti wá ṣí ẹ̀rọ omi kan náà ní òpópónà wọn, tijótijó, tìlùtìlù, omi ò sì tíì yọ níbẹ̀ dòní. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bú àbúrò, àbúrò bú ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì fi pákó dá ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Ògiri pákó yẹn niṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe kẹ́yìn.

Jẹ́jẹ́ ni ọmọ Bàbá Kékeré. Oṣù díẹ̀ ni Alálàá fi jù ú lọ, kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, wọ́n jọ ń lọ síléèwé, wọ́n jọ ń bọ̀. Ògiri àwọn àgbà kò kàn wọ́n.

"Ẹni máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là ń wò," Jẹ́jẹ́ wí lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ àwọn olóṣèlú ń pariwo kọjá. "Tàwọn yìí ti ya láti ẹ̀yìn délẹ̀."

Alálàá rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Níléèwé, lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń gbọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Wọ́n gbọ́, ó sì wọ̀ wọ́n lára, torí kò sí ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú kò tíì ṣe ní nǹkan. Bùrọ̀dá ọ̀kan pàdánù iṣẹ́ torí pé ó wọ fìlà tí kì í ṣe ti ọ̀gá. Ìyá òmíràn tò sórí ìlà owó ìrànwọ́ láti òwúrọ̀, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé ẹgbẹ́.

"Kí wá ni ká ṣe?" wọ́n bi í.

"Ká jẹ́ ti ara wa. Kò sí olórí, kò sí ọmọ ẹ̀yìn."

Bẹ́ẹ̀ ni Àwọn Ti-Ara-Wọn bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn bí àlá. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ a sọ, ẹni tó bá fẹ́ sùn a fi báàgì ṣe ìrọ̀rí. Afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ wá láti pápá, Alálàá a dijú, a sì rò pé òun ti dé ìlú òun.

Àfi bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sẹ́nétọ̀, torí ìfẹ́ tó ní sí ipò, ṣe dìde lọ́jọ́ kan. "A ti pọ̀," ó ní. "Ó yẹ ká lólórí. Ó yẹ ká ní àmì." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní Alálàá ni. Ó yẹ kó sọ pé rárá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà dùn, orí rẹ̀ sì wú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ti so òwú búlúù mọ́ ọrùn ọwọ́.

Gbogbo wọn, àfi ẹnì kan.

"Jẹ́jẹ́, òwú tìẹ dà?"

"Ó wà nínú àpò mi."

"Gbogbo wa la so ó."

"Mo rí i. Ó yẹ yín."

"Kí ló dé tó ò so tìẹ?"

"Kò wù mí ni. Ṣebí ìwọ lo ní èmi ni mo ni ara mi? Àbí ọrùn ọwọ́ mi ò sí lára ẹ̀ ni?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ta Alálàá lára. Sẹ́nétọ̀ sọ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́: "Olórí, bó o bá gbà fún un, lọ́la gbogbo wọn á tú u."

"Ẹni tí kò bá so òwú kò ní bá wa jókòó mọ́," ni Alálàá wí. "Ẹ jẹ́ ká dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ, kó nawọ́."

Ọwọ́ lọ sókè. Jẹ́jẹ́ náà na tirẹ̀.

"Èmi náà fẹ́ lọ," ó ní. "Ẹ má sọ pé ẹ lé mi o."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Alálàá nìkan ló rìn lọ sílé. Ó ki okùn fóònù bọ etí, ó wá ìlú rẹ̀ lọ, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan dúró lẹ́nu bodè, ó ń yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn tí ń wọlé wò. Nígbà tó sún mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó yọ okùn náà kúrò létí, ó ń rìn lọ lójú títì tí kò sí ohùn kankan.

Bàbá rẹ̀ ń dúró dè é lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín gbalẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ yín kan kọjá níbí, ó ti sọ fún mi!" ó kígbe, kí wọ́n lè gbọ́ lódìkejì pákó. "Ó ní o lé ọmọ àwọn Àkàbà dànù láàárín ẹgbẹ́ yín! Ọmọ tẹ́kùn bí, ẹkùn ni yóò jọ!"

Lódìkejì, òòlù Bàbá Kékeré dákẹ́.

Alálàá yíjú sí ògiri pákó. Kò sí èébú tí ì bá dùn ún tó ìyìn yẹn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má yìn mí."

Lọ́jọ́ kejì, ó tú òwú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó ní kí ẹni tó bá wù kó so ó, kí wọ́n sì pe Jẹ́jẹ́ padà. Sẹ́nétọ̀ mi orí. "Òfin lòfin. Ẹni tí kò so òwú kò lè bá wa jókòó." Wọ́n nawọ́. Kí aago ìparí ìsinmi tó lù, wọ́n ti ní olórí mìíràn, igbákejì àti akápò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Alálàá gba ẹnu ọ̀nà Bàbá Kékeré wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ọkùnrin náà sì tọ́ka sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ ń fi pépà oníyanrìn ha ẹsẹ̀ àga.

"Mo wá bẹ̀ ẹ́," Alálàá wí. "Ọ̀rọ̀ dáadáa ni mo gbé délé, mo sì fi lé ẹ síta."

"Mo gbọ́."

"Ṣé a óò jọ lọ síléèwé lọ́la?"

Jẹ́jẹ́ fẹ́ ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú kúrò lára igi náà.

"Rárá."

Ọ̀rọ̀ kún Alálàá lẹ́nu. Ṣé òun kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni? Ṣé kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi yọ òun? Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó korò.

"Ó dáa," ó ní. "Tìẹ ni láti sọ."

"Tèmi ni. Ọjọ́ tó bá wù mí, màá kan ògiri pákó pè ẹ́."

Alálàá jáde, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Kò burú kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú sú èèyàn, kò sì burú kéèyàn fẹ́ kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bèèrè òmìnira, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó sún mọ́ ọn jù, bóyá onítọ̀hún lè sọ fún un pé rárá kó sì sùn ní àlàáfíà. Ó ti pẹ́ tí Alálàá ti ń sọ̀rọ̀ òmìnira kiri. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnì kan ní òmìnira.